Ajá 53 Tí Ìjọba Amẹ́ríkà Pè Lẹ́jọ́

Ìwé ẹjọ́ kan wà ní ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ ní Virginia, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, láti ọdún 2007. Àkọlé rẹ̀ ni United States of America v. Approximately 53 Pit Bull Dogs. Ìjọba Amẹ́ríkà ni olùpẹ̀jọ́, ajá bíi mẹ́tàléláàádọ́ta ni olùjẹ́jọ́. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni ní ajá ló ṣẹ̀ o. Bí òfin ibẹ̀ ṣe rí ni pé bí ìjọba bá fẹ́ gba dúkìá tí wọ́n fi hùwà ọ̀daràn, dúkìá yẹn gan-an ni wọ́n máa kọ sínú ìwé ẹjọ́, ìbáà ṣe mọ́tò, ìbáà ṣe ilé, ìbáà ṣe owó. Ajá náà sì rèé, dúkìá ni lójú òfin. Síbẹ̀, àkọlé yẹn kì í kúrò lọ́kàn mi, torí pé bó ṣe wà nínú ìwé ló wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn. Pitbull ni, ó ti jẹ̀bi kó tó dé iwájú adájọ́.

Èmi náà ń sin pitbull. Ọdún kẹfà rẹ̀ nílé wa nìyí. Bí mo bá mú un jáde ní ìrọ̀lẹ́, àwọn tó ń bọ̀ níwájú á yà sí òdìkejì títì, àwọn ìyá á fa ọmọ wọn mọ́ra. Mi ò bá wọn jà. Ohun tí wọ́n ti gbọ́ ni wọ́n ń bẹ̀rù: pé ajá yìí máa ń yí padà lójijì, pé bó bá ti gbọ́ òórùn ẹ̀jẹ̀ kò ní mọ olówó rẹ̀ mọ́, pé bó bá ti deyín mọ́ ènìyàn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ á tì pa bí ìgbà tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ tìlẹ̀kùn. Ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn, irọ́ gbuu ni. Bí egungun ẹnu ajá yòókù ṣe rí ni ti pitbull rí. Ẹni tó bá ráyè dúró bi mí léèrè, ọ̀rọ̀ àwọn ajá Virginia ni mo máa ń sọ fún un, torí pé bí ajá kan bá wà láyé tó yẹ kó rí bí àwọn ènìyàn ṣe ń pè é yẹn, àwọn ló yẹ kó jẹ́.

Ilé tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ wà ní Moonlight Road, ní Surry County, ní ìgbèríko Virginia. Michael Vick ló ni ilé náà. Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ jù, ni Vick ń gbá. Òun ni ẹgbẹ́ Atlanta Falcons kọ́kọ́ mú nínú gbogbo ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù tó wọlé lọ́dún 2001. Títí di ìgbà náà, kò tíì sí aláwọ̀ dúdú kankan tó ń ṣe iṣẹ́ quarterback, ẹni tó ń darí ẹgbẹ́ tó sì ń ju bọ́ọ̀lù, tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí rí. Lọ́dún 2004 wọ́n bá a ṣe àdéhùn ọdún mẹ́wàá, 130 mílíọ̀nù dọ́là. Àwọn ọmọdé ń wọ ẹ̀wù rẹ̀ káàkiri. Ọdún 2001 yẹn kan náà ló ra ilẹ̀ Moonlight Road, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó ajá jọ síbẹ̀. Bad Newz Kennels ni wọ́n sọ ibẹ̀.

Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin ọdún 2007, àwọn ọlọ́pàá dé ibẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ oògùn olóró tó kan mọ̀lẹ́bí Vick kan tó ń gbé inú ilé náà. Oògùn ni wọ́n wá wá, ajá ni wọ́n bá. Ajá 66, pitbull sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn.

Ilé iwájú funfun, ó sì dára lójú. Ẹ̀yìn rẹ̀, láàárín igi, ni àwọn ilé kéékèèké tí wọ́n kùn ní dúdú látòkè délẹ̀ wà, kí ẹni tó ń kọjá má baà rí wọn lóru. Inú ọ̀kan nínú wọn, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ni wọ́n ti ń fi ajá jà. Nínú igbó níwájú, wọ́n ri irin ìdí mọ́tò, irú èyí tí táyà méjì máa ń wà létí rẹ̀, mọ́ inú ilẹ̀ lóòró, wọ́n wá so ẹ̀wọ̀n tó nípọn mọ́ ọn. Ajá kan, irin kan. Wọ́n ti wọn ẹ̀wọ̀n náà dáadáa: ajá lè rí ẹgbẹ́ rẹ̀, ó lè gbọ́ òórùn rẹ̀, ó lè sáré títí dé ibi tí ẹ̀wọ̀n máa fà á lọ́rùn padà, ṣùgbọ́n kò ní tó ẹgbẹ́ rẹ̀ fọwọ́ kàn láé. Ibẹ̀ ni wọ́n ń sùn, ibẹ̀ ni wọ́n ń jí, nínú òjò, nínú yìnyín. Ilẹ̀ tó yí irin kọ̀ọ̀kan ká ti di kòtò róbótó, ẹsẹ̀ ajá ló gbẹ́ ẹ.

Ohun tí wọ́n ṣe sí àwọn tí kò mọ ìjà jà dáadáa ni kò ṣeé sọ lójú ọmọdé. Wọ́n so àwọn kan rọ̀, wọ́n tẹ àwọn kan rì sínú omi, wọ́n gbé òmíràn sókè là á mọ́lẹ̀ títí tó fi kú. Vick fọwọ́ sí i nínú ìwé pé òun mọ̀, pé òun sì wà níbẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2007 ló gbà pé òun jẹ̀bi. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá, Adájọ́ Henry Hudson ní kó lọ ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́tàlélógún. Kó tó dìgbà yẹn, ilé ẹjọ́ ti ní kó kó 928,073 dọ́là sílẹ̀ fún ìtọ́jú àwọn ajá náà.

Mo mọ ohun tí àwọn kan nínú wa máa sọ níbí: "Nítorí ajá lásán!" Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n mi, mo sì mọ ibi tí wọ́n ti ń sọ ọ́ wá, torí pé wọn kì í tètè dárí ji aláwọ̀ dúdú ní ilẹ̀ yẹn. Mo sì mọ̀ pé ajá ni oúnjẹ Ògún, pé a ń pa á lójúbọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń bọ Ògún kì í so ajá mọ́lẹ̀ lọ́dún kan sí èkejì kó máa fi ta tẹ́tẹ́, kó wá lù ú mọ́lẹ̀ nítorí pé kò bá ẹgbẹ́ rẹ̀ jà. Ìwà ìkà ni wọ́n tìtorí rẹ̀ jẹ ẹ́ níyà. Vick ṣe ẹ̀wọ̀n rẹ̀ tán lọ́dún 2009, ó padà gbá bọ́ọ̀lù fún Philadelphia Eagles, ó sì ń lọ bá àwọn ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n má fi ajá jà. Òun rí ọ̀nà padà. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ nígbà náà ni bóyá àwọn ajá náà yóò rí ọ̀nà padà.

Lákòókò yẹn, kì í pẹ́ kí wọ́n tó dáhùn ìbéèrè yẹn. Ajá tí wọ́n bá gbà níbi tí wọ́n ti ń fi ajá jà, ẹ̀rí ni títí ẹjọ́ yóò fi parí. Bí ẹjọ́ bá ti parí, abẹ́rẹ́ ikú ni. Ẹgbẹ́ Humane Society of the United States ní kí wọ́n pa àwọn ajá Vick. PETA náà sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ṣe ẹ̀tọ́ sí wọn: àwọn yìí kì í ṣe ọ̀tá ajá, iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni kí wọ́n máa gbèjà ẹranko. Ohun tó wà lọ́kàn wọn ni pé àwọn ajá wọ̀nyí ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, pé owó tí wọ́n máa ná lé wọn lórí lè gba ọ̀pọ̀ ajá mìíràn là. Ohun tó ń dùn mí nínú rẹ̀ ni pé wọ́n sọ ọ́ nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì yẹ ajá kan ṣoṣo wò nínú wọn.

Ẹgbẹ́ kékeré kan tó ń gba pitbull là ní Oakland, ní California, tó ń jẹ́ BAD RAP, ló kọ̀wé sí ìjọba pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn wá wo àwọn ajá náà lọ́kọ̀ọ̀kan. ASPCA, ẹgbẹ́ àgbà tó ń gbèjà ẹranko ní New York, náà fọwọ́ sí i. Ìjọba gbà. Stephen Zawistowski láti ASPCA ni wọ́n fi ṣolórí ikọ̀ náà, wọ́n sì dé Virginia ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2007. Ajá tó kù láàyè tí wọ́n máa yẹ̀ wò jẹ́ 49.

Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyí. Wọ́n á mú ajá kan ṣoṣo jáde, ẹni tí kò rí rí á lọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, á fọwọ́ kàn án létí, lẹ́nu, lẹ́sẹ̀. Wọ́n á gbé oúnjẹ fún un. Bó bá ti ki ẹnu bọ abọ́, wọ́n á ti ọwọ́ ayédèrú tó wà lórí ọ̀pá sínú abọ́ náà, wọ́n á máa fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀. (Ẹni tó bá ti sin ajá rí mọ̀ pé ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ajá onírẹ̀lẹ̀ ti máa ń gbàgbé ara.) Wọ́n á gbé ọmọlańgidi tó tóbi tó ọmọ kékeré wá síwájú rẹ̀, kí wọ́n wo ohun tó máa ṣe bó bá rí ọmọdé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á mú ajá mìíràn wá. Àwọn tó ń ṣe àyẹ̀wò náà pàápàá kò retí pé púpọ̀ máa yege.

Ohun tí wọ́n bá kì í ṣe ìbínú. Ìbẹ̀rù ni. Àwọn ajá kan kàn sùn gbalaja sílẹ̀ ni, ikùn mọ́ ilẹ̀, àgbọ̀n mọ́ ilẹ̀, ojú wọn ń wo òkè, gbogbo ara ń gbọ̀n, wọn ò sì dìde. Bí wọ́n bá gbé wọn sókè, wọ́n á tún lẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn tó ń tọ́jú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n ní ajá pankéèkì. Àwọn mìíràn sì wà tó jẹ́ pé bí ọwọ́ ènìyàn bá ti kan ara wọn, ìrù á bẹ̀rẹ̀ sí í jù, ahọ́n á jáde. Nínú ajá 49, ọ̀kan péré ni wọ́n ní ìwà ipá rẹ̀ kọjá ohun tí wọ́n lè tún ṣe. Abo ni, wọ́n ti gùn ún bímọ ju bó ṣe yẹ lọ, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ òun mọ́. Wọ́n pa á. Wọ́n tún pa òmíràn nítorí àìsàn. Ó ku 47.

Ilé ẹjọ́ wá yan ẹnìkan tó máa dúró fún wọn, Rebecca Huss, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ òfin ní yunifásítì Valparaiso. Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìtàn náà. Ajá tó jẹ́ dúkìá nínú ìwé ẹjọ́ wá ní alágbàtọ́ tí adájọ́ yàn fún un, bí ọmọ aláìlóbìí. Obìnrin náà lọ bá àwọn ajá náà níbi tí wọ́n wà, ó ka ohun tí wọ́n kọ nípa ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì pinnu ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa lọ. Mẹ́wàá lọ sọ́dọ̀ BAD RAP. Méjìlélógún, àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn le jù, wọ ọkọ̀ òfuurufú ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2008 lọ sí Kanab, ní ìpínlẹ̀ Utah, níbi tí Best Friends, ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú ẹranko, ní ibùdó tó gbòòrò sí láàárín àpáta pupa. Àwọn yòókù pín sọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké káàkiri.

Ẹ má gbàgbé pé láti oṣù Kẹrin ni wọ́n ti wà nínú àhámọ́. Nítorí pé ẹ̀rí ni wọ́n, tí gbogbo ayé sì ń pè wọ́n ní apànìyàn, àwọn kan nínú wọn kì í jáde nínú àgò rárá. Ajá tó ti lo ìgbà èwe rẹ̀ lórí ẹ̀wọ̀n tún lo ọ̀pọ̀ oṣù lórí sìmẹ́ńtì. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n wọ ilé ènìyàn, ohun tí ajá mìíràn ti mọ̀ láti kékeré kò yé wọn: àtẹ̀gùn, kápẹ́ẹ̀tì, ìró ẹ̀rọ ìfọṣọ, dígí.

Ọ̀kan wà tí wọ́n sọ ní Jasmine. Ìdílé kan nítòsí Baltimore ló gbà á, ìdílé tó ní ọmọ kéékèèké. Jasmine kì í jáde nínú àgò rẹ̀. Ìyá ilé náà á gbé e jáde sí àgbàlá bí ẹni gbé ọmọ, á gbé e kalẹ̀ lórí koríko, á jókòó jìnnà díẹ̀ sí i, á dúró. Bó bá yá, á gbé e padà wọlé. Ọ̀pọ̀ oṣù ló fi ṣe bẹ́ẹ̀. Kò fi ipá mú un, kò sì ju ẹnikẹ́ni lé e lọ́wọ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2008, ojú Jasmine ló wà níwájú ìwé ìròyìn eré ìdárayá Sports Illustrated, níbi tí ojú àwọn gbajúgbajà bíi Vick máa ń wà.

Jonny Justice ní tirẹ̀ lọ sí California. Ajá dúdú àti funfun ni, ojú rẹ̀ pín sí méjì bí ẹni wọ ìbòjú. Iṣẹ́ tí wọ́n wá fún un ni kí ó máa jókòó ti àwọn ọmọ tí ìwé kíkà ṣòro fún. Ọmọ náà á ṣí ìwé, á sùn ti Jonny, á máa kà á sí i létí. Ajá kì í rẹ́rìn-ín bí ọmọ bá ṣi ọ̀rọ̀ pè, kì í já lẹ́nu rẹ̀ gbà, ọmọ á kàn máa kà lọ. Ẹ wo ajá tí wọ́n gbé ọmọlańgidi sí níwájú lọ́dún 2007 láti mọ̀ bóyá ó máa bu ọmọdé jẹ. Nígbà tó yá, ilé iṣẹ́ Gund tó ń ṣe ohun ìṣeré ọmọdé ṣe ọmọlańgidi ajá kan ní àwòrán Jonny.

Leo ń lọ kí àwọn tó ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ ní California. Hector, tí àpá eyín kún gbogbo àyà rẹ̀, dé Minnesota, ó sì di ajá tó ń lọ tu àwọn arúgbó àti aláìsàn nínú. Lucas ni akọni Vick, èyí tó ti borí jù nínú ìjà. Ilé ẹjọ́ pàṣẹ pé kò gbọdọ̀ kúrò ní Kanab títí tó fi máa kú, torí iye owó tó wà lórí rẹ̀ láàárín àwọn tó ń fi ajá jà. Ajá tó gba ìyà jù yìí fẹ́ràn ènìyàn débi pé inú ọ́fíìsì ni wọ́n ń gbé e sí, kí ó lè máa rí èrò. Ọdún 2013 ló kú.

Kò sí ẹni tó fi ojú àánú lásán yọ̀ǹda àwọn ajá Kanab fún ẹnikẹ́ni. Kí ọ̀kan tó lè lọ sílé ènìyàn, ilé ẹjọ́ ní ó gbọ́dọ̀ yege nínú ìdánwò tí wọ́n ń pè ní Canine Good Citizen, tí mo máa ń pè ní ìdánwò ajá ọmọlúàbí: kó jẹ́ kí àlejò fọwọ́ kan òun, kó rìn láàárín èrò, kó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ajá mìíràn láìjà. Lẹ́yìn ìyẹn, oṣù mẹ́fà lọ́dọ̀ alágbàtọ́. Ìyẹn ni bí wọ́n ṣe ń ṣe é bí wọ́n bá fẹ́ mọ ajá.

Gbogbo wọn kọ́ ló di onísùúrù o. Meryl, ọ̀kan nínú àwọn tó lọ sí Kanab, kò fẹ́ràn àlejò rí, ilé ẹjọ́ sì ní kí ó wà níbẹ̀ títí ayé rẹ̀. Àwọn mìíràn kò lè bá ajá ẹgbẹ́ wọn gbé. Èmi gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń sin ín kò sì ní parọ́ fún yín: pitbull lágbára, bó bá bunijẹ, ọgbẹ́ rẹ̀ máa ń jìn, ó sì ti pa ènìyàn rí ní Amẹ́ríkà àti níbòmíràn. Ajá mi ò jáde láìsí okùn lọ́rùn rẹ̀, mi ò sì fi òun àti ọmọdé nìkan sílẹ̀ rí. Bí mo ṣe máa ṣe fún ajá ńlá èyíkéyìí nìyẹn. Ohun tí mo kọ̀ ni kí ẹnìkan wo orí ajá kó sọ pé òun ti mọ inú rẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2022, ìwé ìròyìn Science gbé ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe lórí ajá tó lé ní 18,000. Wọ́n rí i pé ẹ̀yà tí ajá ti wá kò ṣàlàyé ju bí ìdá 9 nínú 100 lọ nínú ohun tó mú ìwà ajá kan yàtọ̀ sí ti òmíràn. Bẹ́ẹ̀, àwọn ará wa tó wà ní London mọ̀ pé òfin ibẹ̀ láti ọdún 1991 ń wo ìrísí ni. Bí orí àti àyà ajá bá ti jọ ti pitbull, ó ti bọ́ sábẹ́ òfin, ì báà má tíì fi eyín kan ẹnikẹ́ni rí. Ní òpin ọdún 2023, XL Bully, ajá ńlá tó jọ pitbull, náà wọ inú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn ajá Virginia kò yí ọkàn gbogbo ènìyàn padà lẹ́ẹ̀kan náà. Ní oṣù Kejì ọdún 2009, ní Wilkes County, North Carolina, ilé ẹjọ́ pàṣẹ kí wọ́n pa ajá tó lé ní 120 tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹnìkan tó ń fi ajá jà. Wọn ò yẹ ìkankan wò. Àwọn ọmọ ajá tí ìyá wọn bí sínú àhámọ́, tí kò tíì rí ibi ìjà rí, bá a lọ. Ariwo tó tẹ̀lé e ló mú kí Humane Society yí òfin rẹ̀ padà lóṣù méjì lẹ́yìn náà, pé láti ìgbà yẹn lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí wọ́n máa yẹ ajá wò. Ní oṣù Keje ọdún yẹn kan náà, nígbà tí wọ́n gba ajá tó lé ní 400 ní Missouri àti àwọn ìpínlẹ̀ ìtòsí rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń fi ajá jà, wọ́n yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀pọ̀ wọn sì délé alágbàtọ́.

Nínú àwọn 47, èyí tó pẹ́ láyé jù ni Frodo. Ọmọ ajá ni nígbà tí àwọn ọlọ́pàá wọ Moonlight Road, ó sì wà lára àwọn tó lọ sọ́dọ̀ BAD RAP. Nínú àwọn ìwé tó kọ́kọ́ jáde, kò sí ajá kankan tó ní orúkọ. Orúkọ ibi tí wọ́n tì í mọ́ àti nọ́ńbà ni wọ́n kọ sí wọn. Ìdílé kan ní California ló gba Frodo sílé, àárín wọn ló sì gbé dàgbà, àárín wọn ló gbé darúgbó. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2021 ló kú. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni.